Iná Kalokalo Tó Di Aago Mọ́sáláṣí

Ẹ̀rọ kalokalo kì í kú tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹnu tó fi ń gba owó ẹyọ ló sábà máa ń kọ́kọ́ dẹnu kọlẹ̀, nítorí pé àtàárọ̀ dalẹ́ ni wọ́n ń ju nǹkan sí i. Bọ́tìnnì ló máa ń tẹ̀ lé e, torí pé ẹni tí tẹ́tẹ́ ń jẹ lówó kì í fi sùúrù tẹ nǹkan. Lẹ́yìn náà ni àwọn kàpásítọ̀ inú páwà rẹ̀ á wú lórí, iná ò ní wọnú rẹ̀ mọ́. Olówó rẹ̀ á wò ó pé owó àtúnṣe ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tó owó òmíràn, á bá pe àwọn oníkóńdẹ́ẹ̀mù kí wọ́n wá gbé e lọ. Àmọ́ ojú ẹ̀rọ náà, ìyẹn àwọn nọ́ńbà pupa tó ń sọ iye tí ènìyàn fi ta tẹ́tẹ́ àti iye tó jẹ, kò tíì kú. Iná LED kì í já bí gílóòbù àtijọ́ ṣe ń já. Ńṣe ló ń ṣú díẹ̀díẹ̀, ó sì lè lo ẹgbẹẹgbàárùn-ún wákàtí kí ojú tó mọ̀ pé ó ti ń ṣú.

Ojú yìí ni mo máa ń wá kiri. Rédíò àti tẹlifíṣàn ni mo kọ́ tún ṣe, òun ni mo ṣì fi ń jẹun, ṣùgbọ́n nínú gbogbo ohun tó ń gba orí tábìlì mi kọjá, kò sí èyí tó dùn mọ́ mi bíi kí n tú ojú ẹ̀rọ tó ti di kóńdẹ́ẹ̀mù, kí n sì wá iṣẹ́ mìíràn fún un. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé àìrówó ra tuntun ló ń mú wa ṣe irú èyí. Kò rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ ìbéèrè ni iṣẹ́ yìí. Ẹni tí n kò mọ̀, ní ìlú tí n kò dé rí, ló ṣe nǹkan kan láì kọ àlàyé kankan sí i. Èmi á wá jókòó tì í, máa bi í léèrè, títí yóò fi dá mi lóhùn. Ibẹ̀ ni adùn rẹ̀ wà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ọ̀kan ṣe àpẹẹrẹ. Irú kalokalo tó pọ̀ lẹ́bàá títì wa ni, èyí tí wọ́n ń kó wá láti Ṣáínà. Àwòrán èso, agogo àti ìràwọ̀ tò yí ojú rẹ̀ ká, iná kékeré kan wà lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, iná yìí á sì máa sáré yípo títí yóò fi dúró síbi tó wù ú, tàbí ká sọ pé síbi tó wu ẹni tó kọ ètò rẹ̀. Nísàlẹ̀ ni fèrèsé kéékèèké mẹ́jọ tò sí, nọ́ńbà méjì ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, fún ohun mẹ́jọ tí ènìyàn lè fowó lé: ápù, ọsàn, bàrà, 77 àti BAR wà lára wọn. Fèrèsé méjì tó gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ wà lókè, nọ́ńbà mẹ́rin ní ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú èyí tí mo ń sọ yìí, ọ̀kan fún owó tó kù, ọ̀kan fún èrè. Gbogbo nọ́ńbà ojú rẹ̀ lápapọ̀ jẹ́ mẹ́rìnlélógún.

Bí mo ṣe kà á dé mẹ́rìnlélógún ni mo ti mọ ohun tí yóò dà. Nígbà náà, mọ́sáláṣí àdúgbò wa ní Ìbàdàn ń lo pátákó dúdú tí wọ́n ń fi ṣọ́ọ̀kì kọ àkókò ìrun sí, òjò a sì máa fẹ́ sí i. Ìrun wákàtí márùn-ún, nọ́ńbà mẹ́rin fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ogún nìyẹn. Aago tí a wà yìí, mẹ́rin. Mẹ́rìnlélógún géérégé! Ẹni tó ṣe ẹ̀rọ tẹ́tẹ́ kò ro ti mọ́sáláṣí, ẹni tó kọ́ mọ́sáláṣí kò sì ro ti ẹ̀rọ tẹ́tẹ́, ṣùgbọ́n ìṣirò àwọn méjèèjì bára mu. Irú nǹkan báyìí ló ń mú kí n gbàgbé oúnjẹ.

Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọ̀pá iná méje, lẹ́tà a sí g sì ni gbogbo oníṣẹ́ iná fi ń pè wọ́n. Ti òkè pátápátá ni a, b àti c wà lọ́wọ́ ọ̀tún, d wà nísàlẹ̀, e àti f wà lọ́wọ́ òsì, g ló dábùú àárín. Ẹ̀kẹjọ wọn ni àmì tóótó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà 8 gba ọ̀pá méjèèje, 1 kò gbà ju b àti c lọ. Bí a bá fún iná kọ̀ọ̀kan ní wáyà tirẹ̀, nọ́ńbà 24 á gba wáyà 192, kò sì sí ọlọ́gbọ́n tó ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹni tó ya bọ́ọ̀dù yìí pín àwọn nọ́ńbà náà sọ́nà mẹ́ta, mẹ́jọ-mẹ́jọ. Nínú ìpín kọ̀ọ̀kan, ó so gbogbo a pọ̀, ó so gbogbo b pọ̀, títí ó fi dórí àmì tóótó. Wáyà mẹ́jọ nìyẹn. Nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan wá ní ilẹ̀kùn tí wọ́n ń ṣí fún un nígbà tó bá kàn án, ìpín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì jọ ń lo ilẹ̀kùn mẹ́jọ kan náà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: mẹ́jọ lọ́nà mẹ́ta jẹ́ 24, ilẹ̀kùn mẹ́jọ lé e, ó di 32. Wáyà 32 ló ń ṣe iṣẹ́ wáyà 192.

Nọ́ńbà mẹ́ta péré ló ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà lórí irú bọ́ọ̀dù bẹ́ẹ̀. Wọ́n á kú, mẹ́ta mìíràn á tàn, títí ilẹ̀kùn mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ yóò fi ṣí tán, wọ́n á tún bẹ̀rẹ̀. Bí ìyípo yìí bá ti lé ní 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, ojú ènìyàn kò lè mọ̀ mọ́. A ó kàn rí nọ́ńbà mẹ́rìnlélógún tí wọ́n jọ ń tàn. Ojú fóònù kò ṣeé tàn jẹ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti ya fídíò irú ẹ̀rọ yìí rí á ti rí i pé àwọn nọ́ńbà kan ń ṣẹ́jú, àwọn kan kò tilẹ̀ hàn.

Báwo ni mo ṣe mọ̀ pé bó ṣe so wọ́n nìyẹn? Mo béèrè ni. Mo pa iná, mo yọ bọ́ọ̀dù, mo yí mítà sí ojú dáódù, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ẹnu rẹ̀ méjèèjì kan ẹsẹ̀ àwọn nọ́ńbà ní méjì-méjì. Ní ojú dáódù, mítà a máa rán iná díẹ̀ jáde láti inú bátìrì rẹ̀. Bí ẹnu pupa bá bọ́ sórí ẹsẹ̀ tó yẹ, tí dúdú bọ́ sórí èkejì rẹ̀, ọ̀pá kan á tàn fẹ́ẹ́rẹ́. Èmi á kọ ọ́ sílẹ̀, màá sún síwájú. Bí mo bá gbé ẹnu pupa lé ẹsẹ̀ kan, tó jẹ́ pé gbogbo ibi tí mo bá fi dúdú kàn ló ń tàn, mo ti rí ẹsẹ̀ àjọni, mo sì ti mọ̀ pé pọ́sítíìfù ni wọ́n jọ ń lò. Bó bá jẹ́ ẹnu dúdú ló dúró lójú kan, nẹ́gẹ́tíìfù ni wọ́n jọ ń lò. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ eré. Ṣíìpù MAX7219 tí àwọn ọmọ iṣẹ́ fẹ́ràn, tó ń fi wáyà mẹ́ta péré gba àṣẹ, tó sì lè darí nọ́ńbà mẹ́jọ, èyí tó jọ ń lo nẹ́gẹ́tíìfù ni wọ́n ṣe é fún. Pọ́sítíìfù sì ni tèmi jọ ń lò. Ẹni tó bá sáré rà á kó tó yẹ ojú ẹ̀rọ rẹ̀ wò ti fowó ṣòfò. Àwọn àgbà ní ẹni tó ń béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà.

Àwọ̀ iná náà a máa sọ̀rọ̀. Pupa ló kọ́kọ́ dé: ní ọdún 1962 ni Nick Holonyak ṣe LED pupa tó ṣeé fojú rí, nígbà tó ń ṣiṣẹ́ ní General Electric ní Amẹ́ríkà. Búlúù tó mọ́lẹ̀ dáadáa kò dé títí di àwọn ọdún 1990, lẹ́yìn tí Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ti yanjú ohun tó dí àwọn yòókù lọ́wọ́. Iṣẹ́ náà ló gba ẹ̀bùn Nobel fún wọn ní 2014. Lórí tábìlì mi, ohun tí ìtàn yẹn já sí ni pé iná pupa ń fẹ́ nǹkan bíi fọ́ltì 2, búlúù àti funfun ń fẹ́ nǹkan bíi 3. Fọ́ltì 5 ni bọ́ọ̀dù ń fúnni. Bí pupa bá jẹ 2 níbẹ̀, ó ku 3 tí rẹ̀sísítọ̀ gbọ́dọ̀ jẹ. Bí mo bá fẹ́ kí mìlí-áḿpì 10 kọjá, ìṣirò á fún mi ní ohm 300, màá sì fi 330 sí i, torí òun ló kún ọjà.

Àwọn nọ́ńbà gàgàrà, irú èyí tó tóbi tó àtẹ́lẹwọ́, ní àṣírí tiwọn. Nínú ọ̀pá kan ṣoṣo, iná mélòó kan ló tò tẹ̀ léra, fọ́ltì tí wọ́n ń fẹ́ sì ń ro pọ̀ mọ́ra. Bí wọ́n bá jẹ́ mẹ́rin, fọ́ltì 8 ni wọn yóò kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó ṣẹ́jú rárá. Mo ti bá irú rẹ̀ pàdé nínú pàǹtí, tí ẹni tó jù ú sílẹ̀ sì ní ó ti kú, nígbà tó jẹ́ pé agbára mítà ni kò tó láti jí i. Fún un ní fọ́ltì 12 pẹ̀lú rẹ̀sísítọ̀ tó yẹ, á là bí ọ̀sán gangan.

Ẹ̀yìn bọ́ọ̀dù kalokalo wa ni mo ti rí ohun tó dùn mọ́ mi jù lọ: ṣíìpù mẹ́rin tí wọ́n kọ 74HC595 sí lára. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ẹsẹ̀ mẹ́jọ tí iná ń gbà jáde, mẹ́jọ lọ́nà mẹ́rin sì jẹ́ 32. Ìṣirò tí mo fi mítà ṣe lójú bọ́ọ̀dù bá ti ẹ̀yìn rẹ̀ mu. Ẹsẹ̀ 8 ṣíìpù yìí ni nẹ́gẹ́tíìfù, 16 ni pọ́sítíìfù. Ẹsẹ̀ 14 ni ọ̀rọ̀ ń gbà wọlé, 11 ni a fi ń tì í síwájú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, 12 ni a fi ń pàṣẹ pé kí ohun tó ti wọlé hàn síta, 9 ló sì ń gbà ta á sí ṣíìpù tó kàn. Iléeṣẹ́ yòówù tó ṣe é, ẹsẹ̀ wọ̀nyí kì í yí ipò padà. Ọmọ iṣẹ́ tó bá mọ̀ wọ́n sórí á bá bọ́ọ̀dù tó wá láti orílẹ̀-èdè tí kò gbọ́ èdè rẹ̀ sọ̀rọ̀ pọ̀.

Àwọn kan máa ń já gbogbo nọ́ńbà kúrò lójú bọ́ọ̀dù, wọ́n á tún wọn tò látilẹ̀. Èmi kì í ṣe bẹ́ẹ̀ àyàfi tí kò bá sí ọ̀nà mìíràn. Ẹni àkọ́kọ́ ti ṣe iṣẹ́ rere, kí ni mo fẹ́ tú ká? Ṣíìpù tó ń ronú fún un nìkan ni mo yọ. Mo tọpa ọ̀nà bàbà láti ẹsẹ̀ 14, 11 àti 12 títí dé ẹnu sọ́kẹ́ẹ̀tì, mo gé ibi tó gbà lọ sọ́dọ̀ ọ̀gá rẹ̀ àtijọ́, mo sì jó wáyà mẹ́ta tèmi mọ́ ọn. Ọ̀gá tuntun ni Arduino, bọ́ọ̀dù kékeré tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ivrea ní Ítálì ní 2005 kí akẹ́kọ̀ọ́ lè rí ohun olówó pọ́ọ́kú lò. Èyí tí mo lò, fọ́ltì 5 lòun náà fi ń sọ̀rọ̀, nítorí náà wọ́n gbọ́ra wọn yé. ESP32, bọ́ọ̀dù kékeré mìíràn, ní Wi-Fi nínú, àmọ́ fọ́ltì 3.3 ló fi ń sọ̀rọ̀, ṣíìpù 74HC tó ń jẹ fọ́ltì 5 sì ń fẹ́ nǹkan bíi 3.5 kó tó gbà pé wọ́n pe òun. Lónìí á jẹ́, lọ́la á dákẹ́, ẹni tó ń tún un ṣe á sì máa wá àléébù síbi tí kò sí. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó, kó fi 74HCT sáàárín wọn.

Aago fúnra rẹ̀ wà nínú ṣíìpù DS3231. Kírísítà inú rẹ̀ ń gbọ̀n ní ìgbà 32,768 ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Bí a bá pín in sí méjì, tí a tún èsì rẹ̀ pín sí méjì, títí dé ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹyọ kan ni yóò kù, òun ni ìṣẹ́jú àáyá kan. Ooru a máa da kírísítà láàmú, ilé tí wọ́n fi páànù bò sì gbóná lọ́sàn-án. DS3231 ń wọn ooru ara rẹ̀, ó ń ṣàtúnṣe, débi pé ìṣìnà rẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ láàárín ọdún. Bí NEPA bá mú iná lọ, bátìrì pẹlẹbẹ CR2032 á gbà á ró. Nígbà tí iná bá dé, kò sẹ́ni tó máa tún aago tò.

Bọ́tìnnì mẹ́jọ tí wọ́n fi ń fowó lé èso náà ti padà sẹ́nu iṣẹ́. Mo pààrọ̀ inú àwọn tó ti kú. Láyé tẹ́tẹ́, bí ènìyàn bá tẹ èyí tó wà lábẹ́ ápù, nọ́ńbà ápù á fi ẹyọ kan gòkè. Títí di òní, bí Ladanì bá tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà náà ló ń gòkè, àmọ́ wákàtí Àsùbáà ni. Bọ́tìnnì ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni ìṣẹ́jú. Fèrèsé mẹ́jọ di àkókò ìrun mẹ́rin, láti Àsùbáà títí dé Mọ̀gàríbì. Ti Ìṣáì àti aago tí a wà bọ́ sí fèrèsé gígùn méjèèjì lókè.

Ó wù mí kí n fi ìṣirò oòrùn sínú Arduino. Aago Nàìjíríà tẹ̀ lé ìlà 15 sí ìlà oòrùn Greenwich, Ìbàdàn sì wà ní nǹkan bíi 3.9. Ìṣẹ́jú mẹ́rin ni oòrùn fi ń kọjá ìwọ̀n kan, èyí ni kì í jẹ́ kó dé àtàrí wa ní aago méjìlá, àfi nǹkan bí ìṣẹ́jú 44 lẹ́yìn rẹ̀, ó sì tún ń fi bí ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ síwá-sẹ́yìn bí ọdún bá ṣe ń yí. Ìṣirò náà kò le. Ṣùgbọ́n Bàbá Lèmọ́mù ní kí n jẹ́ kí bọ́tìnnì dúró. Wọ́n ní oòrùn ló ń sọ ìgbà tí àkókò ìrun wọlé, àmọ́ ìgbà tí jámọ́ọ̀ yóò pé jọ, àwọn èèyàn ló ń fẹnu kò lé e lórí. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí létí. Ohun tí ẹ̀rọ lè ṣe pọ̀ ju ohun tó yẹ kó ṣe lọ.

Kí iṣẹ́ náà tó lọ jìnnà ni mo ti sọ ibi tí ojú aago náà ti wá fún Bàbá, torí n kò fẹ́ kí wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Ìbéèrè méjì ni wọ́n bi mí.

“Ṣé wọn ò jí i gbé?”

“Rárá, Bàbá. Lọ́wọ́ oníkóńdẹ́ẹ̀mù ni mo ti rà á.”

“Ṣé ó ṣì lè ta tẹ́tẹ́?”

“Kò lè ta á mọ́, Bàbá. Ṣíìpù tó mọ tẹ́tẹ́ nínú rẹ̀, mo ti yọ ọ́.”

Wọ́n ní, “Ó dáa, Ẹ̀njíníà. Máa bá iṣẹ́ ẹ lọ.”

Ìdájọ́ tèmi náà nìyẹn. Nọ́ńbà 8 kò mọ̀ bóyá owó lòun ń kà tàbí wákàtí. Ẹni tó ń rán an níṣẹ́ ló yẹ ká bi.

Nǹkan kan kù tó máa ń ya iṣẹ́ tó parí sọ́tọ̀ sí iṣẹ́ àṣesílẹ̀: ìbòjú. Bí a bá fi nọ́ńbà sílẹ̀ láìbò, ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán á máa dà sí i, àwọn ọ̀pá tí kò tàn á hàn bí eyín funfun, ẹni tó wà lẹ́yìn kò ní mọ 3 yàtọ̀ sí 8. Fi ike pupa tó ṣú díẹ̀ bò ó. Pupa á gba inú rẹ̀ kọjá, àwọn àwọ̀ yòókù tó ń bọ̀ látìta á kú sínú ike, nọ́ńbà á sì yọ kedere. Ojú kalokalo ti ní irú ike yìí tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá ti ya ni mo máa ń wá òmíràn fún.

Ẹni tó bá fẹ́ dán irú iṣẹ́ yìí wò gbọ́dọ̀ bẹ̀rù páwà. Kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ ń tọ́jú iná tó lé ní fọ́ltì 300, ó sì lè ṣì wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a ti yọ ọ́ kúrò lára iná. Kí ẹni tí kò tíì mọ̀ ọ́n fi páwà sílẹ̀ fún ọ̀gá, kó mú ojú ẹ̀rọ nìkan. Ẹ ṣí fèrèsé bí ẹ bá ń jó léèdì, kí ẹ sì fọwọ́ kí ẹ tó jẹun.

Iṣẹ́ yìí kò lè tán. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé àti ibùdó Àdéhùn Basel lórí pàǹtí eléwu fún Áfíríkà, tó wà ní Ìbàdàn níbí, jọ gbé jáde ní 2018 sọ pé nǹkan bíi tọ́ọ̀nù 60,000 ẹ̀rọ tòkunbọ̀ ló gba èbúté Èkó wọlé lọ́dọọdún ní 2015 àti 2016, àti pé, ó kéré tán, ìdá 19 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ni kò ṣiṣẹ́. Púpọ̀ nínú irú wọn ló ń parí sí ibi tí wọ́n ti ń dáná sun wáyà kí wọ́n lè yọ bàbà inú rẹ̀, èéfín rẹ̀ sì jẹ́ májèlé fún ọmọ tó ń sun ún àti fún àdúgbò. Nọ́ńbà tó ṣì ń tàn kò yẹ kó bá wọn dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ̀rọ tó ti kú nílé, kí ẹ tó pe oníkóńdẹ́ẹ̀mù, ẹ pe atún-rédíò-ṣe àdúgbò yín kó wá wo ojú rẹ̀. Ẹ̀yin ọmọ iṣẹ́, ohun tí ẹ bá béèrè tí ẹ sì rí ìdáhùn rẹ̀, ẹ má fi sórí nìkan. Ẹ ya àwòrán rẹ̀ sínú ìwé: ẹsẹ̀ wo ló lọ síbo, fọ́ltì mélòó, rẹ̀sísítọ̀ wo. Ẹ fi ọ̀rá bò ó, kí ẹ sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ inú àpótí ẹ̀rọ náà kí ẹ tó dé e. Mo ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún aago mọ́sáláṣí wa, nítorí pé òun náà yóò bàjẹ́ lọ́jọ́ kan, ó sì lè má jẹ́ èmi ni wọn yóò pè.